Èdè Tí Wọ́n Sin ní Marfa: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Sípáníìṣì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1954, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Marfa, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìsìnkú kan nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ènìyàn ni ó kú. Àwọn olùkọ́ pín bébà pélébé-pélébé fún àwọn ọmọ, wọ́n ní kí oníkálùkù kọ ọ̀rọ̀ èdè Sípáníìṣì sí tirẹ̀. Wọ́n kó àwọn bébà náà sínú àpótí, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ sí ẹ̀bá òpó àsíà, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì bo àpótí náà mọ́lẹ̀. “Ọ̀gbẹ́ni Sípáníìṣì” ni orúkọ tí wọ́n sọ òkú náà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi èdè yẹn sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ọgbà.

Blackwell School ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọdún 1909 ni wọ́n kọ́ ilé rẹ̀, ọdún 1965 ni wọ́n tì í. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Mẹ́ksíkò wá sí, kí wọ́n má baà jókòó pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ òyìnbó. Ọmọ tí ó bá gbàgbé, tí ó fi èdè ìyá rẹ̀ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi eré, pátákó ni wọ́n fi ń nà án ní ìdí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibi tí ìtàn yìí ti wọ̀ mí lára nìyí. Ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà, ní àsìkò kan náà, iṣẹ́ gidi ni èdè Sípáníìṣì jẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ òyìnbó a jókòó, a ṣí ìwé, a kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní òwúrọ̀ ní èdè náà, a ṣe ìdánwò, a gba máàkì, bàbá rẹ̀ a sì fi í yangàn. Èdè tí ẹnì kan ń gba máàkì lé lórí ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ na ẹnì kejì. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò ní orí. Ní Marfa, ẹni tí ó ní orí gan-an ni wọ́n ká fìlà kúrò lórí rẹ̀.

Lónìí, iṣẹ́ kan wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama jákèjádò Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AP Spanish Language and Culture. Iṣẹ́ àwọn ọmọ tí ó ti jinlẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá yege nínú ìdánwò rẹ̀ lè wọ yunifásítì pẹ̀lú máàkì tí yóò dín iṣẹ́ àti owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù. Nínú gbogbo èdè òkèèrè tí wọ́n ń ṣe irú ìdánwò yìí lé lórí, òun ni èrò rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn tí ń jókòó ṣe é lọ́dún ju 100,000 lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ-ọmọ irú àwọn tí wọ́n nà ní Marfa. Mo fẹ́ kí a jọ tọ ipa ọ̀nà tí èdè náà gbà láti ẹ̀bá òpó àsíà dé orí tábìlì ìdánwò, nítorí pé ọ̀nà náà kò tọ́ rárá.

Èdè Sípáníìṣì ti wà lórí ilẹ̀ tí a ń pè ní Amẹ́ríkà kí Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀. Ọdún 1565 ni àwọn ará Sípéènì tẹ ìlú St. Augustine dó ní Florida. Ọdún 1607 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ Jamestown dó. Nígbà tí ogun láàrin Amẹ́ríkà àti Mẹ́ksíkò parí, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Guadalupe Hidalgo ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1848, ilẹ̀ tí ó tó ìdajì Mẹ́ksíkò bọ́ sí ọwọ́ Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ń gbé orí rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn a máa sọ títí di òní pé àwọn kò sọdá ààlà, ààlà ni ó sọdá àwọn. Òfin ìpínlẹ̀ California ti ọdún 1849 tilẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa tẹ gbogbo òfin jáde ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Sípáníìṣì. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà kọ ní ọdún 1879, wọ́n yọ Sípáníìṣì kúrò.

Ṣùgbọ́n ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí àwọn ọlọ́lá àti àwọn ọ̀mọ̀wé wà, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wo èdè náà. Thomas Jefferson ti gba ọmọ arábìnrin rẹ̀ níyànjú ní ọdún 1787 pé kí ó kọ́ ọ dáadáa. Yunifásítì Harvard dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ fún Faransé àti Sípáníìṣì. George Ticknor ni ó kọ́kọ́ jókòó sí i ní ọdún 1819, akéwì Longfellow sì gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Sípáníìṣì ti Harvard jẹ́ ti Cervantes àti ti ìwé àtijọ́. Sípáníìṣì ti Texas jẹ́ ti darandaran àti ti alágbàṣe. Kò sí ẹni tí ó rò pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, èdè tí ó jọba ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, lẹ́yìn Látìn, ni èdè Jámánì. Ní ọdún 1915, nínú 100 ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba, nǹkan bí 24 ni ó ń kọ́ Jámánì. Àwọn tí ń kọ́ Sípáníìṣì kò tó 3. Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó yí gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun ní ọdún 1917, ohunkóhun tí ó bá ti jọ mọ́ Jámánì di ọ̀tá. Wọ́n dáná sun ìwé. Wọ́n pa orúkọ òpópónà dà. Ewébẹ̀ kíkan tí àwọn Jámánì fi ń jẹun, wọ́n sọ ọ́ ní “kábéèjì òmìnira”, bí ẹni pé ewébẹ̀ ni ó gbé ìbọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1918, gómìnà ìpínlẹ̀ Iowa kéde pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ní gbangba, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lórí tẹlifóònù pàápàá.

Ní Nebraska, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1919 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ tí kò tíì parí kíláàsì kẹjọ ní èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Luther, Robert Meyer, ń fi èdè Jámánì ka ìtàn Bíbélì pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní oṣù karùn-ún ọdún 1920 nígbà tí aṣojú ìjọba wọlé bá wọn. Wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là 25 fún un. Ó kọ̀ láti san án, ó gbé ẹjọ́ náà lọ títí ó fi dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, àwọn adájọ́ sì dá a láre ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1923. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ olùkọ́ ni láti kọ́ni ní èdè, ẹ̀tọ́ òbí sì ni láti yàn án fún ọmọ rẹ̀. Gbogbo olùkọ́ èdè ní Amẹ́ríkà, títí kan àwọn tí ń kọ́ni ní Sípáníìṣì, abẹ́ ìbòòji ẹjọ́ yẹn ni wọ́n wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1922, iye àwọn tí ń kọ́ Jámánì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kò tó 1 nínú 100 mọ́.

Àga tí Jámánì dìde lórí rẹ̀ ni Sípáníìṣì lọ jókòó sí, pẹ̀lú Faransé. Láti iye tí kò tó 3 nínú 100 ní ọdún 1915, ó ti ju 11 lọ ní ọdún 1922. Òwò wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀nà omi Panama ti ṣí ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn oníṣòwò sì ń wo gúúsù pẹ̀lú ojú owó. Olùkọ́ kò tó. Ẹni tí ó fi ogún ọdún kọ́ni ní Jámánì a ra ìwé gírámà Sípáníìṣì nígbà ìsinmi, a sì dúró níwájú kíláàsì nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ìwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i ju bí ó ti jìnnà sí àwọn ọmọ lọ.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1917 ni àwọn olùkọ́ Sípáníìṣì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní New York. Ààrẹ wọn àkọ́kọ́ ni Lawrence Wilkins, ẹni tí ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ èdè ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà. Olóòtú ìwé ìròyìn wọn, Hispania, tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ títí di òní, ni Aurelio Espinosa ti yunifásítì Stanford. Ohun tí ó ká Wilkins lára jù ni pé àwọn ènìyàn ń ka Sípáníìṣì sí èdè ọjà lásán, èdè tí kò ní ìwé, tí kò sì lè tún ọpọlọ ọmọ ṣe bí Jámánì ti ń tún un ṣe. Àkọlé ohun tí ó kọ sínú Hispania ní ọdún 1918 ń béèrè àyè fún Sípáníìṣì dípò Jámánì “fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àṣà”. Ẹ fi ọ̀rọ̀ “àṣà” yẹn sọ́kàn. A ó tún padà bá a.

Mo bọ̀wọ̀ fún Wilkins. Síbẹ̀, àṣà tí ó ní lọ́kàn wà ní Madrid àti ní àwọn olú-ìlú gúúsù. Kò sí ní àgọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ojú irin ní Texas. Ní ọdún 1918 gan-an tí ó ń kọ̀wé yẹn, ìpínlẹ̀ Texas ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba lè tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ olùkọ́, bí ó bá fi èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Wọ́n yọ ẹ̀kọ́ èdè òkèèrè ní àwọn kíláàsì òkè sílẹ̀. Òfin kan ṣoṣo yẹn ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ òyìnbó ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Mẹ́ksíkò ní kíláàsì kìíní. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ ní Marfa ní ọdún 1954, wọn kò rú òfin. Wọ́n ń pa á mọ́ ni.

Ẹni tí ó bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ èyí fún un. Èmi náà san náírà ìtanràn rí nítorí pé mo fi Yorùbá bèèrè rúlà lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì mí. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a ní iṣẹ́ Yorùbá, olùkọ́ kan náà ni ó wọlé, ó sì bá mi wí pé n kò mọ òwe.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá ní àárín. Roosevelt mú ètò “aládùúgbò rere” wá ní ọdún 1933, Sípáníìṣì sì tún níyì díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1957, ìjọba Soviet fi Sputnik sí òfurufú, ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà, ààrẹ Eisenhower sì fọwọ́ sí òfin ẹ̀kọ́ fún ààbò orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1958. Owó òfin yẹn ni wọ́n fi kọ́ àwọn yàrá tí ọmọ ti ń fi ohun èlò bo etí méjèèjì, tí ó ń gbọ́ gbólóhùn láti inú téèpù, tí ó sì ń tún un sọ títí yóò fi sú u. Ètò Advanced Placement, tí wọ́n ń gé kúrú sí AP, bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn ọdún wọ̀nyí pẹ̀lú. Owó àjọ Ford ni wọ́n fi dán an wò; ní ọdún 1955, College Board, àjọ tí ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, gbà á mọ́ra. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ rọrùn: ọmọ tí orí rẹ̀ pé kò yẹ kí ó máa tún ohun tí ó ti mọ̀ kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ olówó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ètò náà. Kò sí ẹni tí ó wo ọ̀nà Blackwell School.

Ní oṣù kẹta ọdún 1968, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní apá ìlà-oòrùn Los Angeles dìde kúrò ní kíláàsì, wọ́n sì bọ́ sí ìta. Lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Garfield, Roosevelt, Lincoln àti Wilson. Olùkọ́ kan ní Lincoln, Sal Castro, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìran Mẹ́ksíkò, bá wọn rìn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò pọ̀: kí wọ́n yé fìyà jẹ àwọn nítorí Sípáníìṣì, kí wọ́n fi èdè méjèèjì kọ́ àwọn, kí ìtàn ìran àwọn wà nínú ìwé, kí wọ́n yé darí àwọn sí iṣẹ́ ọwọ́ bí ẹni pé yunifásítì kì í ṣe ti àwọn. Àwọn agbófinró mú ènìyàn mẹ́tàlá, Castro sì wà lára wọn. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn wọ́n. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òbí lọ jókòó sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, wọn kò dìde títí wọ́n fi dá a padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ilé-ẹjọ́ da ẹ̀sùn náà nù.

Oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà ni ààrẹ Lyndon Johnson ti fọwọ́ sí òfin ẹ̀kọ́ elédè méjì. Johnson fúnra rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ ní ọdún 1928 ní Cotulla, Texas, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Mẹ́ksíkò. Òun náà kò gbà kí wọ́n sọ Sípáníìṣì nínú ọgbà nígbà náà. Ogójì ọdún ni ó fi rìn láti ibẹ̀ dé ibi tí ó ti fọwọ́ sí òfin yìí.

Garfield yìí kan náà tún fara hàn nínú ìtàn AP. Ní ọdún 1982, ọmọ méjìdínlógún láti ibẹ̀ yege nínú ìdánwò AP ti ìṣirò kálíkúlọ́ọ̀sì, lábẹ́ olùkọ́ wọn, Jaime Escalante, ọmọ Bolivia. Àjọ tí ń ṣe ìdánwò náà sọ pé ìdáhùn àwọn mẹ́rìnlá jọra jù. Méjìlá tún un ṣe. Gbogbo wọn yege. Kì í ṣe Sípáníìṣì ni wọ́n ṣe, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n irú ìfura kan náà ni a ó tún bá pàdé nínú ìdánwò Sípáníìṣì láìpẹ́.

California kò dúró sójú kan. Ní ọdún 1998, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí ìpinnu kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀kọ́ elédè méjì rẹ́. 61 nínú 100 ni ó dìbò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, 73 nínú 100 dìbò láti fagi lé e. Láàrin ìgbà méjèèjì, ní ọdún 2011, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé kí wọ́n máa lẹ èdìdì mọ́ ìwé-ẹ̀rí ọmọ tí ó bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama pẹ̀lú èdè méjì lẹ́nu àti lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà láti gbà á ni kí ọmọ gba máàkì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdánwò AP ti èdè, nínú 5. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e, wọ́n sì pọ̀.

Nígbà tí wọ́n tún iṣẹ́ AP náà ṣe fún ọdún ẹ̀kọ́ 2013 sí 2014, wọ́n fi “àṣà” kún orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Wilkins padà dé lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n pín iṣẹ́ náà sí orí mẹ́fà: ẹbí àti àwùjọ, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹwà àti iṣẹ́ ọnà, ìgbésí ayé òde òní, ìṣòro tí ó kárí ayé, àti irú ẹni tí ènìyàn jẹ́. Wọ́n ní kí olùkọ́ má ṣe kọ́ gírámà lọ́tọ̀ kí ó tún kọ́ àṣà lọ́tọ̀. Inú ìwé ìròyìn, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti àwòrán iye ni kí gírámà ti jáde wá.

Ìdánwò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ tuntun náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Ìbéèrè 65 ni ó ṣáájú, apá kan láti inú ohun kíkà, apá kan láti inú ohun gbígbọ́. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ mẹ́rin tí ọmọ yóò fi ọwọ́ àti ẹnu ara rẹ̀ ṣe: yóò dáhùn ímeèlì, yóò kọ àròkọ aláríyànjiyàn láti inú orísun mẹ́ta, yóò bá ohùn inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nígbà márùn-ún, ogún ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ìṣẹ́jú méjì fi àwùjọ tirẹ̀ wé àwùjọ kan tí ń sọ Sípáníìṣì.

Níbi ímeèlì yẹn ni ìtàn gígùn wa ti dé inú kíláàsì. Lẹ́tà náà sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àgbà tàbí aláṣẹ kan, olùdarí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé fún àpẹẹrẹ, ìdáhùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀wọ̀. Sípáníìṣì ní “tú” fún ẹgbẹ́ ẹni, ó ní “usted” fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ní “o” àti “ẹ”. Ọmọ tí ó gbọ́ Sípáníìṣì láti ẹnu ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ bí omi. Ṣùgbọ́n bóyá kò kọ lẹ́tà sí àgbà kan rí ní èdè náà, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-ẹ̀kọ́ fi kọ́ ọ ní lẹ́tà kíkọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “usted”, kí ó sì yọ́ bọ́ sí “tú” ní ìlà kẹta. Ọmọ òyìnbó tí ó jókòó tì í kò lè bá ọmọ yìí fa ọ̀rọ̀ nínú ọjà, síbẹ̀ ó ti há ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí lẹ́tà sórí, kò sì ní ṣì í. Ta ni ó mọ èdè nínú àwọn méjèèjì? Olùkọ́ tí ó ní wọn nínú kíláàsì kan ṣoṣo ni kí ẹ bi.

Ti àmì orí ọ̀rọ̀ tún wà níbẹ̀. “Papa” ni ọ̀dùnkún, “papá” ni bàbá. Ọmọ ilé mọ ìyàtọ̀ náà ní etí, kò mọ̀ ọ́n ní ọwọ́. Ẹ̀yin tí ń ka Yorùbá láìsí àmì lórí tẹlifóònù lójoojúmọ́, tí ẹ ń méfò bóyá ọkọ ni tàbí ọkọ̀ tàbí ọkọ́, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Olùkọ́ kan lè fi yẹ̀ẹ̀pẹ̀ báírò pupa bo ìwé ọmọ náà títí yóò fi gbà pé Sípáníìṣì ìyá òun ti bàjẹ́. Olùkọ́ mìíràn a sọ fún un pé etí rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó kù. Àwọn ọmọ Buenos Aires a máa lo “vos” dípò “tú”; ní Bogotá, ènìyàn a máa fi “usted” pe ọmọ bàbá rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ní ọ̀kan ṣoṣo ni ó tọ̀nà, Marfa ni ó ṣì wà, bí kò tilẹ̀ mú pátákó dání.

Nígbà tí máàkì bá jáde, College Board a máa gbé iye méjì kalẹ̀: ti gbogbo ọmọ lápapọ̀, àti ti àwọn tí ó jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́ èdè náà jù. Mo yé ìdí tí olùṣírò fi nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti inú irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jáde láàrin àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ kan, pé ọmọ tí wọ́n bí sínú Sípáníìṣì ń rẹ́ni jẹ nígbà tí ó bá jókòó ṣe ìdánwò Sípáníìṣì. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì ń rẹ́ni jẹ nígbà tí ó bá jókòó ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, wọ́n ní èdè náà ni yóò mú ọmọ wọ̀nyí kùnà. Ní báyìí tí ó mú wọn yege, wọ́n ní kò kà.

Ọ̀rọ̀ “àṣà” náà ní wàhálà tirẹ̀. Ó rọrùn kí ó di oúnjẹ àti ijó, kí wọ́n se tákò ní ọjọ́ Jímọ̀ kí wọ́n sì pè é ní ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ a máa bèèrè ìdí: kí ni wọ́n ṣe, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó, èrò wo ni ó bí i? Ibí yìí ni ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tiwa. Ní Kúbà, Sípáníìṣì ni àwọn ìran Lùkùmí fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bàtá ni wọ́n ń lù. Ṣàngó ń jẹ́ Changó, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá, ọjọ́ Santa Bárbara. Ọ̀ṣun ń jẹ́ Ochún, Yemọja ń jẹ́ Yemayá. Àwòrán ńlá tí Wifredo Lam, ọmọ Kúbà, yà ní ọdún 1943, La jungla, wà ní ilé ọnà òde òní ní New York, níbi tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè dúró níwájú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ AP kejì, ti lítíréṣọ̀ Sípáníìṣì, ewì Nicolás Guillén lórí àwọn bàbá-bàbá rẹ̀ méjì, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun, wà lára ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ kà, bẹ́ẹ̀ náà ni ewì Nancy Morejón lórí obìnrin dúdú tí wọ́n kó la òkun kọjá. Orílẹ̀-èdè Guinea Ìlàjì-ayé pàápàá, aládùúgbò wa nínú òkun níhìn-ín, Sípáníìṣì ni èdè ìjọba rẹ̀. Ó gba òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 1968. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ máa rántí rẹ̀ ju bí wọ́n ti ń rántí rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2007, àwọn tí wọ́n nà ní Blackwell School, tí wọ́n ti di ìyá àgbà àti bàbá àgbà, padà sí Marfa. Wọ́n ṣe ayẹyẹ kan, wọ́n hú Ọ̀gbẹ́ni Sípáníìṣì jáde nínú ilẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà di ibi ìtàn tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú.

Iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn nínú ìdánwò náà, ti àfiwé, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fún ọmọ láti ronú kí ó tó sọ̀rọ̀. Àwùjọ tirẹ̀ ni wọ́n ní kí ó fi wé ti àwọn tí ń sọ Sípáníìṣì, wọn kò sọ èwo ni kí ó jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ Texas lè mú Marfa. Ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Houston lè mú ìlú bàbá rẹ̀ kí ó fi wé Matanzas, kí ó sọ ti ìlù, kí ó sọ ti orúkọ. Ìṣẹ́jú méjì ni, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ a dákẹ́.